Ṣíà ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ: àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù

Bí agogo mẹ́ta ọ̀sán bá ti ń lù báyìí, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ẹnì kan á fi ohùn ránṣẹ́ láti Idumota, ẹlòmíì á pè láti Yaba. Ọmọ àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, n'Ikeja, á ya àwòrán ìlà pupa kan tó ń já wálẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì máa ń kọ tẹ̀ lé e: “Àǹtí?” Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí. Wọ́n ti gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n rà, kí wọ́n tà, tàbí kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí kí n lè máa ráyè jẹun ọ̀sán.

Kí n sọ èyí ṣáájú. Mi ò ní ìwé-àṣẹ láti gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lórí owó. Akọ̀wé ni mo jẹ́ ní ọ́fíìsì alágbàtà ṣíà kan ní Broad Street. Ọdún 1998 ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹnu pe ọjà ní Customs Street, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ní 1999. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi lónìí ni Microsoft díẹ̀, MTN, àti àpapọ̀ ṣíà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní S&P 500. Ẹ máa rí ìdí tí mo fi sọ ọ́ bí ẹ bá kà síwájú.

Kí ni mò ń rà gan-an bí mo bá ra ṣíà Apple tàbí Nvidia lórí fóònù mi?

Apá kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ni. Bó ti wù kó kéré tó, ẹ ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni ín. Àwọn áàpù kan tiẹ̀ ń gbà kí èèyàn fi dọ́là mẹ́wàá ra ẹ̀rún nínú ṣíà kan tí odindi rẹ̀ ju agbára ẹni lọ.

Ibi tí ṣíà náà ń gbé ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Bí ẹ bá ra MTN níbí, CSCS, ilé ìpamọ́ ṣíà ti Nàìjíríà, ló ń pa á mọ́ lórúkọ yín. Ẹ ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní CHN, tiyín ni, kódà bí alágbàtà yín bá ti ilẹ̀kùn lọ́la. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Áàpù tí ẹ ń tẹ̀ yẹn, ojú ọ̀nà lásán ni. Alágbàtà kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń tọ́jú ṣíà náà. Orúkọ alágbàtà yẹn ni kí ẹ wá rí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà, ní lẹ́tà wínníwínní tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Bí alágbàtà náà bá wà nínú SIPC, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo oníbàárà àwọn alágbàtà Amẹ́ríkà, tí alágbàtà náà sì wá kógbá sílé tí a ò rí ṣíà àwọn oníbàárà níbi tó yẹ kó wà, ààbò wà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan dé 500,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n bí iye ṣíà náà bá já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ò kan SIPC rárá.

Agogo mélòó ni ọjà Amẹ́ríkà ń ṣí?

Ní agogo tiwa níbí, méjì ààbọ̀ ọ̀sán títí di mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn lọ́hùn-ún, mẹ́ta ààbọ̀ títí di mẹ́wàá alẹ́ nígbà òtútù wọn. Àwọn ló ń yí agogo wọn padà, ní oṣù kẹta àti oṣù kọkànlá. Tiwa ò yẹ̀.

Mo ń tẹ̀ lé ọ̀gbẹ́ni kan tó mọ ọjà gan-an. Ó ní kí a ra ṣíà kan kó tó fò. Ṣé kí n rà?

Kí ẹ tó bi mí, ẹ kọ́kọ́ bi òun pé kí ló ní lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Balogun. Bí oníléèsì bá gbá ẹ yín mú lápá tó ní “Àǹtí, èyí ló ń lọ báyìí, wọ́n máa tó tà á tán”, ẹ ò ní bínú sí i, ẹ ò sì ní pè é ní òpùrọ́. Ẹ kàn mọ̀ pé ọgbọ̀n odindi rẹ̀ ṣì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ibi tó dúró sí lẹ fi ń wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó lè ná léèsì fún wákàtí kan kó tó mówó jáde, òun náà ló ń gbọ́ fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin tó sì ń fi owó ilé sí i.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà lè ti ra ṣíà yẹn lóṣù tó kọjá, kó wá jẹ́ pé ẹ̀yin ni oníbàárà tó ń dúró dè. Bí ṣíà náà bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kékeré tí kì í tà púpọ̀ lóòjọ́, ẹgbẹ̀rún èèyàn tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà tó láti gbé iye rẹ̀ sókè. Òun á tà. Ẹ̀yin á kù síbẹ̀. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú bẹ́ẹ̀. Àwọn kan, iye èèyàn tó wo fídíò ni owó wọn. Fún irú wọn, “ọjà á dàrú lọ́la” dára ju “ọjà ò ṣe nǹkan kan lónìí”, bẹ́ẹ̀ èyí kejì ló máa ń jẹ́ òtítọ́ lọ́pọ̀ ọjọ́. Àwọn kan ní kóòdù tí wọ́n ní kí ẹ fi ṣí àkáǹtì. Ìpín tiwọn wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń ta kíláàsì. Àwọn ọ̀mọ̀wé báńkì ńláńlá ní New York ń ṣe iṣẹ́ gidi, mo máa ń ka tiwọn, àmọ́ ẹ kíyè sí i pé “rà” pọ̀ lẹ́nu wọn ju “tà” lọ fíìfíì. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè di oníbàárà báńkì wọn lọ́la, ta ló fẹ́ bú oníbàárà?

Ní 2021 mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ẹni tó sọ̀rọ̀, ṣíà tó dárúkọ, iye tó ń tà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọdún yípo mo jókòó tì í. Ọjọ́ rírà wà nínú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọjọ́ títà ò sí. Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ràn ohùn rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń yin ṣíà kan, ó sì fi oṣù mélòó kan yìn ín. Èmi náà rà á. Nígbà tó ṣe, ó kàn bọ́ sórí òmíràn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò kí wa pé ó dàárọ̀. Mo padà lọ wá àwọn fídíò àtijọ́, ó ti yọ wọ́n kúrò. Ìdámẹ́rin owó mi ni mo rí kó jáde nínú ṣíà yẹn.

Ta wá ni kí n máa gbọ́?

Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gbé ìwé owó wọn jáde. Òfin Amẹ́ríkà ló fi dandan lé e, ọ̀fẹ́ ni lórí EDGAR, àpótí ìwé SEC tiwọn, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà. Èdè rẹ̀ gbẹ bí ẹ̀kọ ìjẹta, mo gbà. Ẹ fo àwòrán àti ọ̀rọ̀ dídùn ọ̀gá àgbà, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ka ewu tó wà níwájú wọn. Agbẹjọ́rò ló kọ ibẹ̀, ẹ̀rù ẹjọ́ ló sì fi kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí òtítọ́ fi máa ń wà níbẹ̀. Nvidia fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníbàárà díẹ̀ ló ń mú apá ńlá wá nínú owó tó ń wọlé fún òun. Ọ̀rọ̀ yìí kan ṣoṣo wúlò ju fídíò ogún lọ. Ẹni tó bá ń ta ọjà ní Lagos mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí oníbàárà ńlá kan bá sọ pé òun ò rà mọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gbọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ ohun tó ní, tó ń sọ ọjọ́ tó tà, tó sì lè la ẹnu rẹ̀ sọ pé “mo ṣì í”. Wọn ò pọ̀.

Kí ló dé tí ṣíà fi ń já lójijì nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń jèrè?

Mo wà ní Computer Village lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2025. Ihò tí mo ń ki okùn iná fóònù mi bọ̀ ló bàjẹ́. Ọmọ àbúrò mi jókòó sábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ó ti tú fóònù oníbàárà kan sílẹ̀, àwọn ìdè kéékèèké (skúrúù) tó tú wà lórí rọ́bà onímágínẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀, fóònù tirẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Agogo mẹ́ta ààbọ̀ lù, ọjà ṣí. Bí ìlà Nvidia ṣe fara hàn ló ti wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó gbá rọ́bà yẹn, ìdè kan sì fò lọ. Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí a ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, oníbàárà ń pariwo pé “Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ọjà òyìnbó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tún fóònù mi ṣe!” Kí ọjà tó pa lálẹ́ ọjọ́ náà, Nvidia ti já ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan bí 600 bílíọ̀nù dọ́là pòórá kúrò nínú iye rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ilé-iṣẹ́ náà ò sì ṣe nǹkan kan. Wọn ò jí owó, iná ò jó wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé DeepSeek, ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣáínà, gbé ẹ̀rọ aláfarawé-ọpọlọ (AI) jáde, wọ́n ní owó táṣẹ́rẹ́ làwọn fi ṣe é. Àwọn tó ní Nvidia wá ń rò ó pé: bí nǹkan yìí bá ṣeé fi owó kékeré ṣe, ta ni yóò máa ra ṣíìpù olówó gọbọi tí Nvidia ń tà? Ọ̀la ni iye ṣíà ń wò. Ohun tí èèyàn ń retí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, èrè àná ti wà nínú iye náà tipẹ́.

Ìdí kan náà ló fà á tí ìròyìn ayọ̀ fi lè já ṣíà bọ́. Ní ìparí oṣù kẹjọ 2024, Nvidia kéde pé bílíọ̀nù 30 dọ́là ló wọlé fún òun láàárín oṣù mẹ́ta, ó ju ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú lọ. Lọ́jọ́ kejì, ṣíà já. Àwọn èèyàn ti retí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé kí fídíò àlàyé tó dé orí fóònù yín, kọ̀ǹpútà àwọn ará New York ti rà, wọ́n ti tà, wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

A rí ìdè náà o. Inú bàtà oníbàárà ló wà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ṣíà kan ti wọ́n jù?

Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Balogun tó ń pa èrè mílíọ̀nù 2 náírà lọ́dún. Ẹni tó ni ín ní òun fẹ́ tà á ní mílíọ̀nù 20. Bí nǹkan ò bá yí padà, ọdún mẹ́wàá lẹ máa fi rí owó yín. Bó bá ní mílíọ̀nù 200 ńkọ́? Ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ máa bi í pé ṣé epo rọ̀bì ló wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní P/E lórí áàpù yín nìyẹn: iye ṣíà kan, tí a fi èrè ọdún kan lórí rẹ̀ pín. Kò sí iye tó jẹ́ èèwọ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá ń sọ èrè rẹ̀ di méjì lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 200 lè má burú. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi owó ra ìdàgbàsókè tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní ìmọ̀-ẹ̀rọ ni ọjọ́ ọ̀la, pé kò lè kú. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé kò kú. Ẹni tó ra ṣíà ni ó lè kú.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2000 ni òǹkà Nasdaq, tí wọ́n fi ń wọn ọjà Amẹ́ríkà tí ṣíà ìmọ̀-ẹ̀rọ pọ̀ sí, dé òkè téńté, ó lé ní 5,000. Nígbà yẹn, ilé-iṣẹ́ tó bá ti ní íntánẹ́ẹ̀tì lórúkọ, wọ́n á rà á. Kó tó di oṣù kẹwàá 2002, òǹkà yẹn ti bọ́ sí nǹkan bí 1,100. Ọdún 2015 ló tó padà síbi tó ti já. Ṣíà Amazon tó ti kọjá 100 dọ́là ní ìparí 1999 bọ́ sábẹ́ 6 dọ́là ní 2001, Amazon yìí kan náà o. Cisco ló tún yani lẹ́nu jù. Ẹ̀rọ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá ni wọ́n ń ṣe, àsọtẹ́lẹ̀ gbogbo èèyàn nípa íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣẹ, iṣẹ́ wọn ò parẹ́, wọ́n ń jèrè. Síbẹ̀ ogún ọdún kọjá, ṣíà wọn ò tíì padà dé iye tó wà ní 2000; oṣù kejìlá 2025 ló tó padà débẹ̀. Àwọn tó rà á mọ ohun tó ń bọ̀. Wọ́n kàn san owó rẹ̀ jù ni.

Ṣíà Nvidia ju 1,000 dọ́là lọ tẹ́lẹ̀, ó wá di 120. Ṣé ó já ni?

Rárá, wọ́n gé e ni. Oṣù kẹfà 2024 ni wọ́n sọ ọ̀kan di mẹ́wàá. Búrẹ́dì Agege kan tí wọ́n gé sí mẹ́wàá ò pọ̀ sí i, kò sì dín. Ẹni tó bá sọ fún yín pé “ó ti dọ̀pọ̀” nítorí pé wọ́n gé e, ẹ má gbọ́ tirẹ̀ mọ́ lórí nǹkan mìíràn.

Ṣé torí ṣíà ni mo ṣe ń jèrè ni, àbí torí dọ́là?

Ìbéèrè tó dára jù tí ẹnikẹ́ni ti bi mí nìyí. Màmá kan tó ń ta aṣọ òkè ní Idumota ló bi í.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan ò tíì pé 500 náírà ní ọjà ìjọba. Kó tó di ìparí oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó fi 470,000 náírà ra ṣíà 1,000 dọ́là, bí ṣíà náà ò tilẹ̀ kúrò lójú kan, ó ti di mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ẹni tí ṣíà tirẹ̀ já ní ìlàjì, tó sì ń ṣe àríyá èrè. Náírà ló jó rẹ̀yìn, òun rò pé òun mọ ọjà.

Màmá aṣọ òkè yẹn ya ìwé sí méjì. Apá kan, dọ́là nìkan. Apá kejì, náírà. Ti dọ́là ló ń sọ bóyá ó yan ilé-iṣẹ́ tó dára. Ti náírà ń sọ ohun tó lè rà l'Oke Arin. Bí náírà bá wá gbérí, apá kejì á dínkù láìjẹ́ pé Microsoft ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ tún yọ iye tí áàpù ń gbà nígbà tí ẹ bá ń yí náírà sí dọ́là àti ìgbà tí ẹ bá ń yí i padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun jù, wọn kì í sì kọ ọ́ gàdàgbà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ tiwa ńkọ́?

Lórí NGX, ọjà ṣíà tiwa níbí, MTN àti Airtel Africa ni àgbà. CWG, Chams àti eTranzact náà wà níbẹ̀, wọ́n kéré. Flutterwave àti Interswitch tí ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn ò tíì sí lórí ọjà kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ta ṣíà wọn fún yín lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ pe ọ̀rẹ́ yín kan tó lójú.

MTN wọ ọjà ní oṣù karùn-ún 2019 ní 90 náírà. Ohun tó sọ àwọn tó ní dọ́là di olówó ní 2023 ló gún MTN lójú. Dọ́là ni wọ́n fi ń ka iye tí wọ́n ń san fún òpó àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn, náírà sì ni àwa fi ń ra káàdì. Wọ́n pàdánù ní 2023, wọ́n pàdánù ní 2024, bẹ́ẹ̀ ìpè ò dínkù lẹ́nu wa. Ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, gbà kí wọ́n fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè ní oṣù kìíní 2025 ni wọ́n tó mí. Èmi tí mo ń ṣépè lórí owó dátà láàárọ̀, tí mo sì ní ṣíà wọn lálẹ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín ara mi.

Jumia tún wà. New York ló lọ ní oṣù kẹrin 2019, 14 dọ́là ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Ó kọjá 60 dọ́là ní oṣù kejì 2021, ó sì wà ní bíi dọ́là mẹ́ta ní ìparí 2022. Gbogbo wa l'Eko la mọ ọ̀kadà wọn, a mọ àpò wọn, a ti rajà lọ́wọ́ wọn. A rò pé ojúlùmọ̀ ni ìmọ̀.

Ṣé kí n mú ilé-iṣẹ́ kan, àbí kí n ra gbogbo wọn pọ̀?

Ẹni tí kò ní àkókò láti máa ka ìwé owó, àpapọ̀ ni kó rà, ìyẹn èyí tó ń tẹ̀ lé S&P 500 tàbí Nasdaq-100. Bí ẹ bá ra ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹ ti fọwọ́ kan gbogbo wọn. Àmọ́ kí ẹ má rò pé ẹ ti sá kúrò nínú ìmọ̀-ẹ̀rọ o. Apple, Microsoft, Nvidia, Amazon, Alphabet, Meta àti Tesla nìkan, wọ́n ti tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta S&P 500. Bí àwọn méje yẹn bá sín, ọ̀rìnlénírinwó ó lé mẹ́tàlá tó kù á rí òtútù.

Wọ́n fi mí sí ẹgbẹ́ kan lórí Telegram. Wọ́n ní ẹ̀rọ wọn ń jèrè lójoojúmọ́, kò lè pàdánù.

Ẹ jáde.

Irú wọn kan tó ń jẹ́ CBEX ní ẹ̀rọ aláfarawé-ọpọlọ ló ń bá àwọn ṣòwò, ó sì dà wó ní oṣù kẹrin 2025, àwọn èèyàn sáré lọ kó àga àti tábìlì ní ọ́fíìsì wọn n'Ibadan. MMM ti dé ṣáájú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn ní oṣù kejìlá 2016, nígbà tí Kérésì ń bọ̀. Nvidia fúnra rẹ̀ ò lè ṣèlérí èrè ojoojúmọ́, ta wá ni àwọn? Ẹ lọ sórí sáìtì SEC Nàìjíríà, ẹ wá orúkọ wọn láàárín àwọn tó gba ìwé-àṣẹ. Òfin ìdókòwò tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 dárúkọ Ponzi ní tààrà, ẹ̀wọ̀n wà nídìí rẹ̀, àmọ́ ẹ̀wọ̀n ẹlòmíì kì í dá owó yín padà.

Bí ẹ bá rí fídíò olówó ńlá kan tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí ẹ fi owó ránṣẹ́, ẹ wo ètè rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ ti lè ṣe ojú, ó ti lè ṣe ohùn.

Ṣé ó bá ẹ̀sìn mu fún Mùsùlùmí?

Nǹkan méjì ni àwọn onímọ̀ máa ń wò: iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe, àti gbèsè elélé tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ọtí, tẹ́tẹ́ àti báńkì elélé ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ńlá máa ń là á kọjá. Níbí, òǹkà Lotus Islamic ti wà lórí ọjà wa láti 2012, ẹ lè fi í ṣe àtọ́nà. Ẹ bi Alfa tó mọ ìwé owó kà. Kì í ṣe gbogbo wọn.

Owó orí ńkọ́?

Ti Amẹ́ríkà: nínú èrè tí ilé-iṣẹ́ bá pín fún yín, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ, nítorí kò sí àdéhùn owó orí láàárín wa àti wọn. Fọ́ọ̀mù W-8BEN tí áàpù ní kí ẹ fọwọ́ sí ló ń sọ fún wọn pé ẹ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn. Èrè tí ẹ bá rí nígbà tí ẹ bá tà, wọn kì í yọ nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ti ilé, ẹ bi akáǹtáǹtì yín.

Ṣé mo lè fi owó àjọ tàbí owó tí mo yá ra ṣíà?

Ní 2008 èmi àti ọkọ mi ní pọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ kan lọ́nà Ijede, n'Ikorodu. Òǹkà ọjà wa ti kọjá 66,000 ní oṣù kẹta ọdún náà. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń gbé fọ́ọ̀mù owó yíyá wá bá wa ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí a fi ra ṣíà báńkì. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀, tí mò ń rí fọ́ọ̀mù títà àwọn ọlọ́jà ńlá tó ń kọjá lórí tábìlì mi, mo fọwọ́ sí i. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2009, òǹkà yẹn ti bọ́ sí nǹkan bí 20,000. Ṣíà lọ, gbèsè dúró. A ta ilẹ̀ náà láti san án. Ẹni tó rà á ti kọ́ ilé alájà méjì síbẹ̀, ó kun ún ní àwọ̀ ewé. Mo máa ń rí i bí mo bá ń lọ kí àwọn àna mi.

Àjọ ní ọjọ́ kíkó, ọjà ò mọ ọjọ́ yẹn. Owó tí ẹ yá lórí fóònù, èlé rẹ̀ ń lọ bí mítà táksí. Ẹ má fi méjèèjì rà. Ẹ sì rántí ìṣirò yìí: 100,000 tó já ní ìdajì di 50,000, ṣùgbọ́n kí 50,000 tó padà di 100,000, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì.

Ìgbà wo ni kí n tà?

Mo máa ń kọ ìdí tí mo fi rà á sínú ìwé lọ́jọ́ tí mo bá rà á, ní gbólóhùn kan. Bí ìdí yẹn bá ti kú, mo tà, ì báà jẹ́ èrè, ì báà jẹ́ àdánù. Mo tún máa ń tà bí owó bá rí iṣẹ́ gidi ṣe.

Ọmọ àbúrò mi ò tà lọ́jọ́ ìdè yẹn. Oṣù kẹfà 2025 ló ta ìdajì Nvidia tó ní, ó fi san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Nvidia di ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé tí iye rẹ̀ dé tírílíọ̀nù 4 dọ́là. Ó pè mí ní agogo mẹ́ta ààbọ̀, inú ń bí i, ó ní òun ì bá ti dúró. Òjò ń rọ̀ n'Ikeja lọ́jọ́ náà, mò ń gbọ́ ọ lórí páànù. Mo bi í pé níbo ló wà. Ó ní, “Inú ṣọ́ọ̀bù ni, Àǹtí.”